Bí A Ṣe Gba Ohùn Keziah Jáde

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín wá sẹ́bàá iná. Ẹni tó bá mọ orin, kó bá mi gbè é:

Ọkọ̀ mi, rọra o,
Omi ń jó, omi ń yọ̀,
Gbé mi délé, ọkọ̀ mi.

Orin Keziah nìyẹn. Ní èbúté wa níbí, ní Newfoundland, erékùṣù òtútù yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ dáa bíi tirẹ̀. Ó ti kú tipẹ́, àmọ́ wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn náà sì wà nínú kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn ìlú. Ọmọ rẹ̀, Àǹtí Dulcie, fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó pé àádọ́rùn-ún ọdún. Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Àfi ìgbà tí wàhálà dé. Selby Pardy tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà ti yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà. Wọ́n ní kó lo èyí tó le, ó lo èyí tó le débi pé òun fúnra rẹ̀ ò rántí mọ́. A lè lo kọ̀ǹpútà náà o, a lè gbọ́ orin Kérésìmesì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí orin Keziah wà, ẹni tí ẹ̀rọ bá mọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí, nìkan ló lè ṣí i.

"Ìwọ tó o gbàgbé orúkọ ajá ẹ lánàá," ni Àǹtí Dulcie wí, "ìwọ lo wá ń pa àṣírí mọ́!"

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí n dáhùn o. Mo tì í kí olè má baà wọ̀ ọ́ ni."

"Olè ò wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Àwa náà ò wọ̀ ọ́!"

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Thirza, ọmọ àbúrò mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ihò tí èèyànkéèyàn lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà, kó sì sọ fún àwọn tó ṣe é kí wọ́n dí i. Ó jókòó, ó wo ẹ̀rọ náà, ó kọjú sí mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, mo mọ ihò kan nínú eléyìí. Ètò kékeré kan wà tó máa ń gbé ohùn lọ sí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà là ń pè é. Yàrá ọ̀gá ló ń gbé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè rán an níṣẹ́. Tí iṣẹ́ náà bá pọ̀ ju abọ́ rẹ̀ lọ, kò ní wọ̀n ọ́n wò, á kàn máa dà á síbẹ̀ títí yóò fi ṣàn dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dà, òun ni yóò di ọ̀gá."

"Bí ìgbà tí ọbẹ̀ ẹ̀wà bá hó kúnlẹ̀," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́!" Lójijì ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Èmi gan-an ni mo rí ihò yìí tí mo sọ fún àwọn tó ṣe é, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe tó máa dí i. Àtúnṣe náà ti dé inú ẹ̀rọ yìí, ó kàn ń dúró kí ẹnì kan pa ẹ̀rọ náà, kó tún un tàn ni. Ẹni tó bá pa á báyìí, ihò dí nìyẹn, Keziah há sínú."

Gbogbo wa yíjú sí Selby. Oògùn kan ṣoṣo ni Selby mọ̀ fún ẹ̀rọ: pa á, tún un tàn. Ì báà ṣe fíríìjì, ì báà ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nítòsí suwíìṣì ara ògiri tipẹ́.

Thirza bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ké kíì, ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ dúró gbagidi bí ẹja oníyọ̀.

"Ó ti dákú!" Selby pariwo. "Ẹ jẹ́ n pa á, kí n tún un..."

Ẹ wá wo arúgbó tó fò! Àǹtí Dulcie ti fi ẹ̀yìn bo suwíìṣì náà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbalaja.

"Èmi ni kó o kọ́kọ́ pa, Selby Pardy! Pa mí, kó o tún mi tàn!"

Selby fà sẹ́yìn. Ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú.

"Ó ti jí," ni Thirza sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó tún da iṣẹ́ sí dírẹ́bà náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé orí sókè. "Èmi lọ̀gá."

Ohùn Keziah bá jáde, ó mọ́ gaara: Ọkọ̀ mi, rọra o... Láàárín orin ló dá dúró. "Dulcie! Yọwọ́ ẹ nínú èso gbígbẹ yẹn, kéèkì ni mo fẹ́ fi ṣe!" Ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ. Dulcie ti di ìyá ọlọ́mọ nígbà náà o!

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Omijé ń dà lójú Àǹtí Dulcie, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dáhùn: "Màámi, díẹ̀ péré ni mo mú!"

Thirza da orin náà sórí fóònù gbogbo wa, ó ní, "Bàbá Selby, ẹ wá pa á báyìí." Selby pa á, ó tún un tàn, ihò dí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ni mo bá ṣí ìkòkò: ẹran màlúù oníyọ̀, kábéèjì, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà tí a dì sínú àpò aṣọ sè mọ́ ọn. A jẹ, a kọrin, a tún jẹ. Kálukú gba ojú yìnyín lọ sílé, ikùn kún, orin ṣì wà lẹ́nu.