Òkè Ògiri Tó Ń Ṣe Bàìbàì

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ilé gíga ní ojú títì tóóró, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jà. Bó bá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọ inú àwòrán, ilé tó dúró ṣánṣán yóò dà bí ẹni tó fẹ́ dà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe irú lẹ́ńsì tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún mi. Èèyàn lè sún un sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí ìdí rẹ̀, èèyàn sì lè tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀. Kámẹ́rà á dúró gbọnrangandan, lẹ́ńsì nìkan ni yóò gòkè, gbogbo ilé á sì wọlé láìwọ́.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í ṣe ẹgbẹ́ lẹ́ńsì náà. Kámẹ́rà ńlá ni, irú tuntun tí kò ní dígí nínú mọ́, ojú tó fi ń gba àwòrán sì fẹ̀ ju ti kámẹ́rà mi àtijọ́ lọ. Ẹnu àwọn méjèèjì kò ko ara wọn rárá. Mo bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mílímítà nítorí pé kò lè rí bọ́tìnì kó má wọ̀n ọ́n. Mo ní kó bá mi ṣe òrùka irin tí yóò so wọ́n pọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ o. Bí apá kan òrùka yìí bá fi ìwọ̀n irun orí nípọn ju apá kejì lọ, ìsàlẹ̀ àwòrán á mọ́, òkè á ṣe bàìbàì."

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. "Irun orí ta ni? Tèmi ti tán."

Ilé tí mo fẹ́ yà jẹ́ alájà mẹ́ta. Ẹni tó ni ín fẹ́ tà á. Ó ti lé àwọn tó wà lókè jáde, ó sì gbé táǹkì omi ràgàjì méjì sórí òrùlé kí ilé náà lè wọ àwọn olùrà lójú. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ránṣọ nínú yàrá ìsàlẹ̀. Ó ti búra pé òun kò ní í kó jáde títí aṣọ tó wà nílẹ̀ yóò fi tán.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní òdìkejì títì lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo wo omi inú ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá kámẹ́rà dúró ṣánṣán, ó dúró sáàárín. Mo sún lẹ́ńsì sókè, mo yà á, mo fẹ àwòrán náà lójú. Ní ìsàlẹ̀, mo lè ka òwú tó wà lára aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi so sí ojú fèrèsé. Ní àjà kẹta, férémù fèrèsé ti ń yọ́ díẹ̀ bí ẹni tó sunkún.

Mo gbé òrùka padà fún Mílímítà. Ó wọ̀n ọ́n, ó wò mí, ó ní kí n padà wá lọ́la. Ní Ọjọ́rú, mo tún un yà. Bàìbàì náà ti pọ̀ sí i. Mo gbé e padà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó burú jáì.

"Ṣé ẹni tí o gbé iṣẹ́ fún mọṣẹ́ ṣá?" Ẹ̀gbọ́n mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun àti káfíńtà mi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fá ilẹ̀kùn yìí lọ́sẹ̀ yìí, ó ṣì ń há."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ojú máa ń tì mí.

Mílímítà gbọ́ pé mo ń bà á lórúkọ jẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi lójú títì lọ́jọ́ náà, àpò irinṣẹ́ lọ́rùn. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Tú òrùka yẹn, kó o yí òkè rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wọ́, bàìbàì á sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀."

Mo tú síkúrù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yí i, mo dì í padà. Bàìbàì kò kúrò lókè. Mo yí lẹ́ńsì náà. Òkè náà ló wà. Mo kọjú kámẹ́rà sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí kò jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó mọ́ kedere láti òkè dé ìpìlẹ̀.

"Bóyá fífá tí ẹ fá a ní Ọjọ́rú ló tún un ṣe," mo ní.

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mi ò fá a."

"Ọ̀gá?"

"Mi ò fá a rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é. Ó pé. Mo kàn fi òróró nù ún kó lè máa dán, torí mo mọ̀ pé o ò ní gbà bí mo bá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é."

Mo dá ojú kámẹ́rà padà sí ilé alájà mẹ́ta náà. Òrùka kan náà láti ọjọ́ Ajé. Lẹ́ńsì kan náà. Bàìbàì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Mo fọwọ́ kan ibi tí a fi ń mú àwòrán mọ́, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí fèrèsé òkè fi mọ́. Ọ̀nà tí à ń yí i sí fún ohun tó bá sún mọ́ wa ni ọwọ́ mi yí sí. Òkè ilé ti sún mọ́ wa ju ìsàlẹ̀ lọ.

"Ògiri ló ń bọ̀," Mílímítà ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Mo sáré sọdá títì. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde!"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún gbàgbàgbà. Mo lu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ni?"

"Ẹ ṣáà jáde!"

Mo gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn. Ó tún fi èjìká tì í. "Ó ti há. Káfíńtà yẹn, ó máa rí mi!"

Irin ló wà lójú fèrèsé. Lókè orí mi, nǹkan kan dún kẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí àga àtijọ́. Eruku sìmẹ́ńtì díẹ̀ bọ́ sórí ọwọ́ mi. Mo ń fa ilẹ̀kùn, mo ń fà á, ìka mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Yàgò!" Mílímítà tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú òòlù àti irin ṣóńṣó, ó ń fi wọ́n lu irin tó wà nínú àgbékọ́ tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, láti ìsàlẹ̀: ọ̀kan jáde, ìkejì jáde, ìkẹta dì mọ́bẹ̀ pinpin. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ. "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, jáde." Ó jáde. Ilẹ̀kùn ṣubú sórí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì àti apá bùbá kan dání. "Ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ àwọn oníbàárà..."

Mo gbá a mú níbàdí, bó ṣe máa ń gbá mi mú nígbà kékeré, mo gbé e sọdá títì.

A dúró síbẹ̀. Ilé náà dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lẹ́rán.

"Ilé rèé o. Ẹ ti wó ilẹ̀kùn mi, ẹ ti gbé mi bí àpò gaàrí. Ta ló máa san owó ilẹ̀kùn?"

Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fèrèsé tí mo mú mọ́ lẹ́ẹ̀kan ti tún ń yọ́. Mo yí i, ó mọ́. Mo ń wò ó báyìí, ó tún ń yọ́.

"Ẹ wá wo nǹkan, ẹ̀gbọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé ojú sókè, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn," ó rọra ní, bí ẹni pé ilé náà lè gbọ́.

Mo gbé kámẹ́rà léjìká. Mílímítà ti sáré lọ sí ìkóríta, ó na apá méjèèjì, ó ń dá àwọn èèyàn padà. A kò tíì rìn tó ogún ìṣísẹ̀ tí táǹkì kan fi kọ́kọ́ yí. Lẹ́yìn náà ni ògiri bẹ̀rẹ̀, láti òkè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wólẹ̀ kí àgbà. Ariwo rẹ̀ dé nígbà tí eruku ti bo ojú wa.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, búlọ́ọ̀kù wà níbi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà mi ti wà. Kò sí yàrá ìránṣọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì di sísọ́ọ̀sì mú. Mo gbìyànjú láti gbà á, ìka rẹ̀ kò ṣí.

"Apá kan ṣoṣo," ó ní, ó ń wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló máa sọ fún ẹni tó ni bùbá?"

Mílímítà dé, funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Kò wo ilé. Ó fọwọ́ kan òrùka tó wà lẹ́nu kámẹ́rà mi.

"Ká ní mo sọ òótọ́ fún ọ ní Ọjọ́rú," ó ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì, èmi náà jókòó tì í.