Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé ní Ìdímù

Ilé alájà mẹ́rìnlá kan wà ní Ìdímù tí kò ní fèrèsé kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ná, ta ní í kọ́lé tí kò ní yọ fèrèsé sí i? Àwọn kan ní owó ayédèrú ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Wàsíù bíríkìlà ní tirẹ̀ búra pé èèyàn ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀, pé ohun tó ń kùn nínú ilé náà tọ̀sán-tòru, ìkérora wọn ni. Ẹnu ayé kúkú ni, kò ṣe é dí.

Ganiyat aránṣọ kì í dá wọn lóhùn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta rèé tí Aasiyah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti jáde tí kò wọlé. Àwọn ọlọ́pàá ní kó lọ máa retí. Kó máa retí kẹ̀! Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Bí Wàsíù ṣe ní òun rí ọmọ náà nítòsí ilé ọ̀hún, Ganiyat ò bèèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Ó fi gèlè gbàjá, ó kọrí síbẹ̀, àdúgbò sì tẹ̀ lé e.

Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, torí kò sí ibi tí ọmọ wà tí ìyá fi oríkì pè é tí kò ní jẹ́.

"Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ọmọ mi, dá mi lóhùn!"

Kíkùn yẹn nìkan ló gbọ́.

Festus tó ń ṣọ́ géètì ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀rọ fóònù ló kún inú ẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpè àdúgbò yìí ń gbà kọjá."

"Irọ́ ló ń pa jàre!" ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn!" Ganiyat figbe ta. "Ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ n gbọ́ ohùn ọmọ mi!"

Wàsíù àtàwọn méjì fo fẹ́ǹsì tàdátàdá. Bí wọ́n ṣe bọ́ sínú ọgbà ni fóònù Ganiyat dún. Kò mọ nọ́ńbà náà.

"Màmi, èmi ni, Aasiyah. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan l'Ágbàdo. Fóònù wọn ni mo jí, wọn ò ní pẹ́ dé. Ẹ tètè wá! Ilé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́…"

Kíkùn náà dá wáí. Fóònù dákẹ́.

Ganiyat tẹ nọ́ńbà náà, ó tún un tẹ̀. Kò lọ. Ó kọjú sí fẹ́ǹsì, ó ń pariwo, "Wàsíù! Tàn án padà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, tàn án padà!"

Wàsíù yọrí lókè fẹ́ǹsì, òógùn bò ó, ó na wáyà tó ti gé sókè tayọ̀tayọ̀.

"Ó ti dákẹ́, Ìyá Aasiyah! Ẹ pè é wàyí, á gbọ́ yín."