Ahọ́n Ìyá Àlùbọ́sà

Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ọmọbìnrin yìí mọ ọwọ́ wẹ̀, ó tún mọ ìkòkò fọ̀! Ọdún méjì gbáko ló fi fọ ìkòkò ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì fi ọdún méjì mìíràn gé àlùbọ́sà, débi pé Ìyá Àlùbọ́sà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Fìlà funfun tí àwọn alásè ń dé ló ń wá ní tirẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ dé e, dandan ni kó se ọbẹ̀ adìẹ kí ọ̀gá alásè tọ́ ọ wò.

Ohun tó yá kì í tún pẹ́ mọ́, ọjọ́ pé. Ó se ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá alásè, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, bu ṣíbí kan, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ dà?"

"Mo fi sí i, mà."

"O fi sí i kẹ̀? Àfi bí o bá fi han ọbẹ̀ náà lókèèrè!"

Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọwọ́ rẹ dáa. Ahọ́n rẹ ni kò sí nílé. Mo fún ọ lóṣù kan, lọ wá a rí. Bí o bá tún gbé ọbẹ̀ àtẹ́ wá, àlùbọ́sà ni tìrẹ títí ayé."

Ẹkún ló sun délé. Bàbá rẹ̀, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí dókítà ti ní kó má fẹnu kan iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí ọmọ rẹ̀ bá sè, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Ó dùn, ọmọ mi." Ṣùgbọ́n kò béèrè fún àfikún rí.

"Báwo ni ahọ́n ẹni ṣe ń sọnù?" bàbá béèrè nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ó wolẹ̀. "Bàbá mi, ìkòkò kan náà la jọ ń jẹ. Ọjọ́ tí ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ lèmi náà fi í sílẹ̀."

"Háà! Mo rò pé o máa ń fi sí tìrẹ. Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"N ò fẹ́ kẹ́ ẹ dá jẹ àtẹ́."

Omi lé ròrò sójú bàbá. Inú ń bí i, ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ń pa á. Ó ní, "Láti òní lọ, ìkòkò méjì. Bí o ò bá fi iyọ̀ sí tìrẹ, n ò níí jẹun. Irọ́ tí mo ti ń pa fún ọ láti ọdún mẹ́fà náà tó."

"Irọ́ wo?"

"Pé ó dùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú omijé. "Lọ́dún àkọ́kọ́, mo mọ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára."

"Kò mọ́ mi lára o!"

Bí wọ́n ṣe di oní-ìkòkò méjì nìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní, iyọ̀ ta á lẹ́nu bí ata. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ahọ́n ti padà sílé. Nígbà tóṣù pé, ó tún se ọbẹ̀ adìẹ, ọ̀gá alásè sì bu ṣíbí kan tọ́ wò. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ dé fìlà funfun náà fún un.

Kò ṣí i títí ó fi délé, ìkòkò bàbá ló sì kọ́kọ́ gbé kaná. Ahọ́n tó ti mọ iyọ̀ ti wá mọ ibi tó ṣófo nínú ọbẹ̀ àtẹ́. Ó yan àlùbọ́sà títí ó fi pọ́n, ó gún atalẹ̀ àti aáyù, ó se eegun adìẹ pẹ́, ó wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kẹ́yìn. Kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Bàbá tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè. "Ṣé o ò ṣi ìkòkò gbé?"

"N ò ṣì í gbé o, bàbá mi."

Ó ń jẹ lọ. Kò sọ pé ó dùn. Ọmọ rẹ̀ ṣí fìlà, ó ń fọwọ́ rún un. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó wá ti abọ́ náà sí i.

"Bù sí i."

Ìyá Àlùbọ́sà fi fìlà tuntun náà nu ojú, ó sì bù sí i.