Bàbá Kòdọ́gba àti Téèpù Mẹ́rìnlá

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Bàbá Kòdọ́gba fi ṣe olùyẹ̀wò òṣùwọ̀n fún ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, kí ó máa yẹ ìwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò, kí ó sì gba èyí tí kò bá péye. "Kò dọ́gba" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ kí ó tó gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Òun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, kò kan ìṣó kan ṣoṣo rí.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó pàǹtí kúrò nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó gbé tábìlì gígùn kan síbẹ̀, ó ní ibi iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyẹn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà ni ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti jẹrà, aṣọ ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wúkọ́, kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fi oṣù mẹ́ta wúkọ́, ọ̀fun rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Bàbá àwọn ọmọ, Sátidé ni ìyá mi ń bọ̀," ni ìyàwó wí lọ́jọ́ Ajé. "Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò. Ẹ jẹ́ kí n pe káfíńtà."

"Káfíńtà ti jẹ́? Ṣé èmi ò lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ni ẹ ò ní. Bí Màmá bá dé tó bá aṣọ níbẹ̀, èmi àti òun la jọ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ó kù, ẹ ó máa dá wúkọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gba àdúgbò àwọn tó ń ta irinṣẹ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onírin ló kọ́kọ́ yà sí. Ó ti gba téèpù ìwọ̀n mọ́kànlá lọ́wọ́ obìnrin yìí rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ìyá náà ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kó téèpù rẹ̀ sórí káńtà fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ máa kó wọn lọ. Ẹ má wulẹ̀ fi ẹnu yín ṣòfò."

"Mo wá rajà ni."

"Ẹ wá kín ni?"

Bàbá mọ irinṣẹ́ yàn, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mi òòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bóyá orí rẹ̀ ti ń mì. Èyí tí wọ́n kun èèkù rẹ̀ lọ́dà, ó dá a padà. Ó ní ẹni tó kun igi lọ́dà kó tó tà á, nǹkan kan ló ń bò mọ́lẹ̀. Ó tẹ ayùn mẹ́ta títí ẹnu wọn fi súnmọ́ èèkù, ó sì jọ̀wọ́ wọn. Ọ̀kan padà gún régé. Méjì tó kù tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó mú òòlù kan, ó mú ayùn kan, ó ní ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni òun fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó bá ra ayùn burúkú, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rà á. Òfò gbáà ni. Títí dé ibẹ̀, Bàbá kò ṣì í.

Ọ̀rọ̀ wá kan téèpù. Mẹ́rìnlá ló wà lórí káńtà. Bàbá fa gbogbo wọn yọ, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti inú ṣọ́ọ̀bù dé títì, ó wọ awò ojú, ó sì kúnlẹ̀. Kò sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ìyàtọ̀ wọn kò ju òwú ìránṣọ lọ.

"Kò dọ́gba," ni Bàbá wí.

"Ọ̀gá, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe àbí ọkọ̀ òfurufú? Àlàfo yìí, eèrà gan-an ò lè gba ibẹ̀ kọjá!"

"Èyí tó bá rù á gba ibẹ̀."

Àwọn oníbàárà méjì tó wá ra téèpù rọra dá owó wọn padà sápò, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin, ṣọ́ọ̀bù yòówù tí Bàbá bá yọjú sí, ariwo kan náà ni: "Téèpù ti tán o!" Kò tíì tán. Abẹ́ káńtà ni wọ́n kó o sí. Àwọn oníbàárà tó kù kò sì rà mọ́. Wọ́n á béèrè pé, "Ṣé Bàbá ti yẹ èyí wò?" wọ́n á sì yí ẹ̀yìn padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Onírin wá sílé Bàbá. Ó bá ìyàwó níbi tó ti ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Ìyá wa, ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀ ná," ló wí, ó sì kọjá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ó bá pákó lódindi lára ògiri, ó bá ayùn tí wọ́n fi òróró pa, ó bá òòlù tí wọ́n gbé kọ́ ìṣó, ó bá Bàbá lórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọ̀gá, ẹ gba èyí."

Bàbá wo téèpù náà. "Mo mọ èyí. Òun ni ìkẹsàn-án. Irọ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù."

"Ẹ fi wọn ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀."

Bàbá wọ̀n ọ́n. Ìyá ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

"Kí ló wí?"

"Irọ́ kan náà ló ń pa."

"Ẹ wá fi òun náà wọn pákó. Irọ́ tó pa fún ẹnu ọ̀nà ló máa pa fún pákó, wọ́n á sì bára mu. Ẹ ṣáà má ti téèpù mìíràn bọ ọ̀rọ̀ wọn."

Bàbá ká téèpù náà padà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń bi téèpù bóyá olóòótọ́ ni. Kò bi ọ̀kankan rí bóyá ó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà.

"Kí lẹ fẹ́ gbà?" ló béèrè.

"Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó wá sọ fún àwọn èèyàn pé téèpù mi dára."

"Mi ò lè purọ́."

"Nígbà náà, ẹ wá òótọ́ kan tí kò ní lé oníbàárà sá."

Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀kùn ti dúró. Ìyàwó ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í, títí Bàbá fi ní kó má jẹ híńjì run. Ìyàwó sì lọ tú báàgì rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá gun àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onírin. Èèyàn pé lé e lórí.

"Mo ti yẹ téèpù ìyá yìí wò," ló wí. "Gbogbo wọn ló ń purọ́."

Ìyá Onírin di orí mú.

"Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n pa lánàá náà ni wọ́n ń pa lónìí. Ẹ mú ẹyọ kan, òun nìkan ni kí ẹ fi parí iṣẹ́ yín."

Ọkùnrin kan gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn: "Ó sàn ju àna mi lọ. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan!"

Kò tó ọ̀sán tí mẹ́tàlá tó kù fi tán.

Ìyá ìyàwó dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kí i káàbọ̀, ó bu omi, ó wọ balùwẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó tì gbọnin. Bàbá sún mọ́ ọn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó ń yẹ etí ilẹ̀kùn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tó fi àyè ìka méjì sílẹ̀ kí omi má baà jẹ pákó.

"Ta ló ṣe ilẹ̀kùn yìí?" ni ohùn kan béèrè láti inú.

"Ọkọ mi ni, Màmá," ni ìyàwó dáhùn láti ilé ìdáná.

"Ó ṣe é dáadáa. Bá mi sọ fún un kó kúrò níbẹ̀. Mò ń rí sálúbàtà rẹ̀."

Bàbá rọra fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn.

"Òsì ńkọ́?" ni ohùn náà wí.