Ìgò Méjìlá, Imú Kan

1.

…tí Télọ̀ sì ní kí n má tíì wò ó. Mo ti wò ó. Ìgò kéékèèké méjìlá ni, èyí tó ga jù nínú wọn ò ju ìka àárín mi lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù gidi, tó ní okùn lọ́rùn. Télọ̀ ló rán wọn láti ara àjákù aṣọ tó kù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi òwú pupa kọ nọ́ńbà sí wọn láyà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ka orúkọ tó wà lára ìgò.

"Wisikí alápòpọ̀ ni gbogbo wọn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Imú àti ẹnu la ó fi mọ̀ wọ́n. Kò sí ojú níbẹ̀."

2.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ ÌSINMI TÍ A YÁ, LÁTI ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́ ẸTÌ TÍTÍ DI ỌJỌ́ ÀÌKÚ

Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ń gbé oúnjẹ fún èrò nínú ọkọ̀ òfúrufú. Òun ló ń kó àwọn ìgò yìí jọ.

Télọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi láti kíláàsì kìn-ín-ní. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́.

Èmi. Atọ́wò ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń po ewé tíì pọ̀. Ogójì ife láràárọ̀: mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fà á sẹ́nu, mo tu ú dànù, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ní ó dáa, wọ́n á kó o sínú páálí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní Imú.

3.

Oṣù márùn-ún nìyí tí imú mi ò gbọ́ nǹkan kan.

4.

(Nígbà tí mo kọ abala kẹta yẹn, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó ń kà á ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Mi ò mọ̀ ọ́, ìdí tó fi rọrùn nìyẹn.)

5.

Lára ògiri kíṣìnì, lórí bébà tí òróró ti ta sí:

Ẹ̀YIN ÀLEJÒ WA, Ẹ KÁÀBỌ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kì í tì dáadáa. Ẹ máa kọrin.
Bọ́tìnì kẹta lára sítóòfù ti yọ̀. Ẹ lè rò pé ẹ ti pa á, kó má tíì kú. Ẹ má lò ó.
Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má ṣáná. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì pè mí.
Onílé

6.

Káàdì mi. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn ń wọ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

ÌGÒ 3
Àwọ̀: bí oyin tó ti pẹ́.
Òórùn: èso gbígbẹ, páálí tó tutù, èéfín díẹ̀. (irọ́)
Máàkì: 4 nínú 10.

ÌGÒ 4
Àwọ̀: bí oyin tó ti pẹ́.
Òórùn: òdòdó, afárá oyin, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. (irọ́, irọ́, irọ́)
Máàkì: 9 nínú 10.

Ọgbọ́n tí mo ń dá ò le. Mo máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí n wá sọ ohun tó sún mọ́ tirẹ̀, kí n sì fi ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó lè já mi ní koro lórí rẹ̀ kún un.

7.

TÉLỌ̀: Ẹ gbé káàdì yín sókè. Imú, mélòó lo fún ìgò kẹta?
ÈMI: Mẹ́rin.
TÉLỌ̀: Ìkẹrin ńkọ́?
ÈMI: Mẹ́sàn-án.
(Télọ̀ bọ́ ẹ̀wù lára ìgò méjèèjì. Orúkọ kan náà. Àwòrán kan náà. Ọtí kan náà.)
Ẹ̀GBỌ́N: Méjì irú rẹ̀ ni mo ní, ni àbúrò mi bá ní ká fi dẹ ọ́.
TÉLỌ̀: (ó ti di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín) Imú! Àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ṣé wọ́n ti gbọ́?
ÈMI: Eré ni mo bá yín ṣe. Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?
NỌ́Ọ̀SÌ: (kò rẹ́rìn-ín)

8.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, láti ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì sí ìkejì. Èmi wà láàárín wọn, mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n fi í síbí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.
TÉLỌ̀: Kí ló dé?
NỌ́Ọ̀SÌ: Lọ́fínńdà tó fín wá lónìí, ìdajì ìgò ni. Díẹ̀ ló kù kí n dákú nínú mọ́tò.
TÉLỌ̀: Mo rò pé ó ń wá ọkọ ni.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò ṣeré o.
TÉLỌ̀: Bi í léèrè nígbà náà.
NỌ́Ọ̀SÌ: Mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

9.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Aago méje kọjá díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti jí ṣáájú mi. Ó ti se omi tó fẹ́ fi wẹ̀. Mo ń gbọ́ orin rẹ̀ láti balùwẹ̀.

Fèrèsé kíṣìnì wà ní títì. Mo bu omi sínú kẹ́tùlù. Mo gbé e lé sítóòfù. Mo mú páálí ìṣáná, mo fa igi kan yọ.

"MÁ ṢÁ A!"

Nọ́ọ̀sì ni, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́, ìfófòó ń kán sí i láyà. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní iléèwé, mi ò rí i kó sáré mọ́. Ó já ìṣáná gbà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ bọ́tìnì kẹta mọ́lẹ̀, ó yí i. Ó ti gáàsì pa ní ìdí rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fà mí jáde sórí koríko, ó ń pariwo orúkọ àwọn yòókù. Télọ̀ jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì.

9, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti tún abala kẹsàn-án kọ. Nínú ọ̀kan, Nọ́ọ̀sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jí. Mo ti fa ìyẹn ya.

10.

NỌ́Ọ̀SÌ: Gbogbo ilé ló ń rùn. Láti yàrá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ìwọ tó dúró tì í ńkọ́?
ÈMI: (mo ń wo bàtà ẹsẹ̀ kan Télọ̀)
NỌ́Ọ̀SÌ: Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.
ÈMI: Mi ò gbọ́ ọ.
NỌ́Ọ̀SÌ: Láti ìgbà wo?
ÈMI: Oṣù márùn-ún. Kàtá kan mú mi. Nígbà tó máa lọ, ó kó o lọ.
TÉLỌ̀: Ó kó kí ni lọ?
ÈMI: Gbogbo ẹ̀. Ọbẹ̀. Ọṣẹ. Orí ọmọ tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Tíì.
Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo lo bọ́tìnì yẹn. Mo rò pé mo ti pa á. Yéè, mo gbé! Èmi ni mo fẹ́…
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ di táwẹ́ẹ̀lì yín mú ná.

11.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé mi lulẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹkún. Nígbà tó tún yá, mi ò mọ èwo ni.

12.

BÍ MO ṢE Ń ṢE É
(mo sọ ọ́ fún wọn lórí koríko níbẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́)

Mo ń wo àwọ̀. Ahọ́n mi ń sọ èyí tó korò fún mi, àti èyí tó ń fún ẹnu pọ̀. Mo ń ka ìwé àkọsílẹ̀ èṣí, kí n lè mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Bí gbogbo ìyẹn ò bá tó, mo ń wo ojú Ìyá Kẹ́tùlù.

Ìyá Kẹ́tùlù ló ń da omi gbígbóná sórí ewé ní yàrá ìtọ́wò. Ogún ọdún ló ti ń dà á. Bí ooru omi bá kàn án nímú, tí ewé náà dáa, ojú rẹ̀ á rọ̀. Bí kò bá dáa, á fún imú pọ̀ díẹ̀, báyìí. Imú rẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ mi. Kò mọ̀.

13.

Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó kù."

Ó kù lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara Ìyá Kẹ́tùlù ò yá. Kò wá. Mo buwọ́ lu ọgọ́ta páálí láìrí ojú kankan wò. Àwọn oníbàárà dá a padà, wọ́n ní ó ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àwọn ọ̀gá ní lọ́rì tó gbé e ló bà á jẹ́. Wọ́n ní kí dírẹ́bà lọ jókòó sílé ná.

Nígbà tí Ìyá Kẹ́tùlù padà dé, mo gbé agolo tí mo tọ́jú díẹ̀ lára ewé yẹn sí fún un. Ewé inú rẹ̀ ò wọ lọ́rì kankan rí.

"Kẹrosíìnì ni, mà. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?" ló bi mí.

"Mo gbọ́ ọ," ni mo wí.

14.

TÉLỌ̀: Dírẹ́bà yẹn ṣì wà nílé?
ÈMI: Ó ṣì wà nílé.


15.

Ọ̀sán. Onílé rán ẹnì kan wá. Ó yọ bọ́tìnì kẹta kúrò pátápátá, ó so ọ̀pá gáàsì ibẹ̀ pa, ó sì ní kò séwu mọ́. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ wá títí ó fi sú wa. Nọ́ọ̀sì ní ó tó. Télọ̀ ní ìgò mẹ́jọ ló ṣẹ́ kù, wọn ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Òfin tuntun: wọ́n á gbọ́ òórùn fún mi, èmi á fi ahọ́n tọ́ ọ wò fún wọn. Kò sí máàkì.

ÌGÒ 7
Òórùn (Télọ̀): aṣọ òtútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí onígi.
Òórùn (Nọ́ọ̀sì): sípírítì, bíi gbogbo wọn. Dúró ná. Ọsàn. Èèpo rẹ̀ ni o, kì í ṣe omi inú rẹ̀.
Òórùn (Ẹ̀gbọ́n): ọ́fíìsì ọkùnrin kan tó máa ń mu sìgá, tó ti fẹ̀yìn tì.
Ahọ́n (èmi): Ó dùn níwájú. Ó ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nígbà tí mo gbé e mì, ó fún ẹnu mi pọ̀, bíi tíì tó pẹ́ jù nínú omi. Ọtí méjì ló wà níbẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀kan gbó, ọ̀kan ṣì kéré. Wọn ò tíì mọwọ́ ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n bọ́ ẹ̀wù lára ìgò náà, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ka ẹ̀yìn ìgò. Ó tún un kà.

"Ọlọ́dún mẹ́ta àti ọlọ́dún méjìlá," ló wí. "Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn."

Télọ̀ dìde, ó ṣí fìlà fún ahọ́n mi.

ÌGÒ 8: mo ṣì í.
ÌGÒ 9: mo ṣì í pátápátá.
Kò dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣi nǹkan ní gbangba kẹ́yìn.

16.

ÌGÒ 11
Òórùn (èmi): ?

"Kí nìyí?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mi ò mọ̀. Nǹkan kan kọjá. Ó lè jẹ́ èrò ọkàn mi."

"Má fún un lórúkọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi fúnra mi ni màá mú ọ lọ rí dókítà imú."

Mi ò fún un lórúkọ.

17.

Ẹ kú ìsinmi, Ọ̀gá. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù márùn-ún, mi ò sì sọ. Ewé tó ń rùn bíi kẹrosíìnì yẹn, inú ilé ìkẹ́rùsí wa ló ti bàjẹ́ kó tó wọ lọ́rì. Mo ní díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú agolo, ẹ ó rí i. Dírẹ́bà náà ò jẹ̀bi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Gbogbo èyí tí mo sọ tó sì tọ́ láti ìgbà náà, ojú Ìyá Kẹ́tùlù ni mo wò kí n tó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè kó jókòó sídìí ìtọ́wò, kí ẹlòmíràn máa da omi.

(Télọ̀ gé ìdajì rẹ̀ kúrò kó tó dà báyìí. Ó ní mo ti rán gbogbo ìgbésí ayé mi mọ́ ọn.)

Mo fi í ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Mo sùn fọnfọn.

18.

Ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ń kó ẹrù sínú mọ́tò:

Ọ̀GÁ: Mo ti rí i. Mo ti pe dírẹ́bà, ó máa wọṣẹ́ lọ́la. Ìwọ àti obìnrin yẹn, ẹ wá rí mi ní aago mẹ́sàn-án.

TÉLỌ̀: Ṣé ó bínú?
ÈMI: Mi ò mọ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó lè lé ọ?
ÈMI: Ó lè lé mi.
NỌ́Ọ̀SÌ: Báwo ló ṣe rí lára rẹ?
ÈMI: Ebi ń pa mí.

19.

Mọ́tò. Télọ̀ ló ń wà á, èmi ni mo jókòó síwájú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Télọ̀ yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀.

TÉLỌ̀: Áà. Òórùn òjò.
(Ó bojú wò mí.)
TÉLỌ̀: Má bínú.
ÈMI: Kí ló jọ?
TÉLỌ̀: Ayọ́ọ̀nù gbígbóná, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan aṣọ tútù.
NỌ́Ọ̀SÌ: Rárá o. Ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n bu omi sí.
Ẹ̀GBỌ́N: Irin ni. Ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irin géètì mú.
TÉLỌ̀: Irin ti jẹ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ bá wọn lọ rí dókítà imú yẹn.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ fara balẹ̀, ó ti ń yí padà báyìí, ó ti di koríko…
TÉLỌ̀: Koríko wo? Eruku ni.
ÈMI: Ẹ máa sọ ọ́ lọ.