Màlúù Tí Ebi Kàn

Ìyá Màlúù ni gbogbo yunifásítì ń pè é, láti orí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé orí ọ̀gá àgbà. Ìwé kẹrin ló kà dé, ẹ̀rù ènìyàn sì máa ń bà á. Bí ẹni tó wọ táì bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ wolẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì, ọ̀rọ̀ á wá máa já lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé màlúù yunifásítì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ kò tó.

Màlúù méjì ni iṣẹ́ ìwádìí ibẹ̀ dá lé. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀, nítorí pé gáàsì tí màlúù ń gùfẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Pọ̀fẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà ní òun ti rí lẹ́búlẹ́bú kan tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá pò ó mọ́ oúnjẹ màlúù, gáàsì náà á dín kù dé ìdajì. Alágídí, màlúù dúdú, ló ń jẹ lẹ́búlẹ́bú. Onísùúrù, màlúù funfun, ń jẹ oúnjẹ lásán, kí wọ́n lè fi wé èkejì. Ìyá Màlúù ló sọ wọ́n lórúkọ; nọ́ńbà etí wọn nìkan ni Pọ̀fẹ́sọ̀ mọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin sì ni Alágídí. Ẹ̀rọ kan wà nígun ilé tó dà bí àpótí ńlá. Màlúù á ti orí bọ̀ ọ́ nítorí oúnjẹ ẹ̀kúnwọ́ kan tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ á fa èémí rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí gáàsì ṣe pọ̀ tó á yọ lójú kọ̀ǹpútà.

Àbúrò Ìyá Màlúù ló ń bójú tó ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé lẹ́búlẹ́bú kò ṣe nǹkan kan. Bí àwọn aṣojú ìjọba bá ti ń bọ̀, Pọ̀fẹ́sọ̀ á ní kí wọ́n má fún Alágídí lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Màlúù tí inú rẹ̀ ṣófo, kí ló fẹ́ gùfẹ̀? Nọ́ńbà á wálẹ̀, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́, ìjọba á tún tọwọ́ bọ àpò. Àbúrò lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó ní, "Sà, ebi là ń wọ̀n yìí, kì í ṣe oògùn." Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé: wọ́n ní ó ń jí oúnjẹ màlúù tà. Ẹ̀ṣọ́ méjì fà á lápá jáde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pè é ní bùrọ̀dá. Láti ìgbà náà, ibikíbi tó bá ti lọ wáṣẹ́, lẹ́tà yẹn á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó jókòó sílé, ó ń wo ògiri.

Ìyá Màlúù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń kó ìgbẹ́, ó ń pọnmi, ó ń kí Pọ̀fẹ́sọ̀ ní ẹ káàárọ̀ sà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń pọ́n ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Pọ̀fẹ́sọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í wọlé, nítorí bàtà rẹ̀.

"Ìyá yìí."

"Sà."

"Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀. Ọdún márùn-ún mìíràn ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan títí wọn ó fi lọ. Ó yé ẹ?"

"Ó... ó yé mi, sà."

"Má ronú sí i o. Mo gbọ́ pé ìronú wà nínú ìdílé yín." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀rín yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Ìyá Màlúù gbé oúnjẹ Onísùúrù, ó da lẹ́búlẹ́bú sí i bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fi oògùn du màlúù, ó sì gbé e síwájú Alágídí. Díẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ṣà á tán pátápátá. Onísùúrù na ọrùn, ó ń wò.

"Má bínú," ó sọ fún un. "Ìwọ ló kàn. Ṣùgbọ́n ojú á ti ọkùnrin yẹn."

Ọjọ́ méjì ni Onísùúrù fi ké. Gbogbo igbe rẹ̀ ló ń wọ Ìyá Màlúù lára, gbogbo ìró bàtà ló sì ń já a láyà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Pọ̀fẹ́sọ̀ yọjú látòkèèrè. "Ṣé o ṣe bí mo ṣe wí?"

"Ọ̀kan ò tíì jẹun, sà." Kò sì purọ́.

Lọ́jọ́rú, aṣojú mẹ́ta dé kí oòrùn tó mú. Alága wọn, obìnrin kan tó sanra díẹ̀, ti wọ bàtà rọ́bà láti ilé. Alágídí kọ́kọ́ ti orí bọ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà gòkè, ó ń gòkè sí i. Onísùúrù sáré lọ síbẹ̀ ní tirẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò dé ìdajì ti èkíní.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹ fáìlì rẹ̀ wò. "Àbí ẹ gbé nọ́ńbà etí wọn sódì ni?"

"Rárá," ni Alága wí. "Èyí tó ń jẹ oògùn ló ń gùfẹ̀ jù. Pọ̀fẹ́sọ̀, báwo ló ṣe jẹ́?"

Òógùn bo Pọ̀fẹ́sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó dúró sí. Ó wá ẹni tó máa jágbe mọ́, ojú rẹ̀ sì bá ẹni tó ti ń jágbe mọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Kò tilẹ̀ wo àwọn àlejò tó wà níbẹ̀.

"Ìyá yìí, èwo ni mo ní kí o má fún lóúnjẹ?"

Àwọn àlejò yíjú sí Pọ̀fẹ́sọ̀. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ohun tó sọ.

"Nọ́... nọ́ńbà mẹ́rin, sà. Ẹ ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan fọ́jọ́ méjì. Bí ẹ ṣe máa ń ní kí n ṣe tí... tí àlejò bá ń bọ̀."

"Irọ́ ló ń pa. Olè ni àbúrò rẹ̀, èmi ni mo lé e."

Alága na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. "Kí ni àbúrò yín jí, mà?"

"Kò jí nǹkan kan. Ó ní ebi ni wọ́n ń wọ̀n."

Alága rìn lọ bá Onísùúrù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ihà rẹ̀ òsì tó ti jìn wọnú. "Ilé màlúù ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Pọ̀fẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì yín. Gbogbo ìwé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ rí, látọjọ́ tí ìjọba ti ń sanwó. Ẹ̀yin, mà, ẹ fún èyí lóúnjẹ. Ohun tí ẹ ṣe fún un náà ò dáa."

"Mo mọ̀, mà."

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lọ. Pọ̀fẹ́sọ̀ kọjá níwájú Ìyá Màlúù, ó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wọlé tòun ti bàtà dáadáa.

"Ṣé o mọ̀ pé owó yẹn náà ni wọ́n fi ń sanwó oṣù ẹ? Wọ́n á ti ibí pa. Kí lo wá jèrè?"

Ó wò ó títí. "Ojú yín tí mò ń wò yìí, sà."

Nírọ̀lẹ́, ó ròyìn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àbúrò kò kọ́kọ́ yọ̀. "Onísùúrù ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó ti jẹun."

"Ọjọ́ méjì gbáko. Èmi tí wọ́n tìtorí ebi màlúù lé." Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ibi tí Pọ̀fẹ́sọ̀ ti bi yín pé èwo ni òun ní kí ẹ má fún lóúnjẹ yẹn," ó ní. "Ẹ tún un sọ. Ẹ rọra sọ ọ́."