Àpò Ẹ̀jẹ̀ Teun

Ara Teun ń bá oríkèé rẹ̀ jagun. Ní ilé ìwòsàn kan ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pẹ̀tù sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n sì mú kí wọ́n dì bíi yìnyín. Bí wọ́n bá ti yọ́, tí wọn ò tètè dá wọn padà sí i lára, wọn yóò kú.

Wọ́n ti yọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hoekstra, olórí àwọn dókítà náà, di àpò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mú, ó ń retí ayàwòrán tó máa ya òun àti Teun ní fọ́tò.

“Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Bàbá,” ló sọ fún Teun.

“Ṣé torí ojú yín yìí lẹ ṣe fẹ́ pa sẹ́ẹ̀lì mi?”

Nọ́ọ̀sì Wietske bú sẹ́rìn-ín, ó já àpò náà gbà, ó sì fà á sí Teun lára.

Ayàwòrán wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín tòun tọwọ́ òfo. Teun kọjú sógiri.